Áńpù Àlòkù Kan ní Life Camp

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta jìtá nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Abuja kó tó yé mi pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ mi. Wáyà jìtá mi máa ń ti ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi lọ tààrà sínú míkísà, níbi tí arákùnrin tó ń darí ohùn jókòó sí bí ọba, tí á sì fi ìka kan ṣoṣo rẹ̀ mí sílẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù á máa ké, ìlù á máa dún, àwọn olórin á máa já ohùn gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́, èmi á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí mò ń fi ìka rin okùn bí ẹni tí ara ń yún. Nígbà tí mo fẹjọ́ sùn, adarí akọrin ní jìtá dà bí iyọ̀ inú ọbẹ̀, pé ojú kì í rí i. Mo ní iyọ̀ tí ahọ́n náà ò tọ́ wò ńkọ́, ṣé wọ́n tiẹ̀ fi í sí i? Ó ní kí n lọ gbàdúrà lórí ìgbéraga.

Ohun tí mo fẹ́ ò ju kí n gbọ́ ara mi lẹ́ẹ̀kan kí n tó kú. Kì í ṣe jìtá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tí wọ́n fi ń gba ọrẹ o. Láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì l'Adó-Èkìtì ni mo ti ń gbọ́ irú jìtá kan nínú rédíò, èyí tó ń bú ramúramù, tó ń han bí ẹ̀rọ ìlọta tí òkúta bọ́ sí lẹ́nu. Ìyá mi ní ariwo èṣù ni. Èmi rò ó pé bí èṣù bá mọ jìtá ta tó báyìí, a jẹ́ pé òun kì í pa ìgbáradì jẹ bíi tàwọn akọrin wa. Àpótí tó ń mú irú ohùn bẹ́ẹ̀ jáde, ìyẹn áńpù, kì í ṣe irú èyí tó kún ṣọ́ọ̀bù ní Wúsè. Àwọn gílóòbù ló wà nínú rẹ̀, ńlá àti kékeré, tí wọ́n á gbóná, tí wọ́n á pọ́n, ibẹ̀ sì ni ohùn ti ń ya wèrè. Mo sọ ọ̀rọ̀ áńpù yìí ní mínísírì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ títí àwọn èèyàn fi ń sá fún mi nídìí oúnjẹ ọ̀sán. Ohun tó ń dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń sá fún mi yìí náà ló wá sọ fún mi pé òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà ti padà sílùú rẹ̀, pé dẹ́rẹ́bà rẹ̀, ọmọ Ìkìrun kan, ń bá a ta ẹrù tó fi sílẹ̀ ní Life Camp, áńpù sì wà níbẹ̀. Ọkọ mi ní òun á tẹ̀ lé mi. Aṣírò-owó lọkọ mi, ó tún jẹ́ díákónì, kò sì sí àlòkù tó wọ ilé wa tí kò kọ́kọ́ gba abẹ́ ojú rẹ̀ kọjá. Ó ní obìnrin kì í dá wọ ilé òyìnbó. Mo ní òyìnbó ti lọ. Ó ní ilé rẹ̀ ò lọ.

Nígbà tá a débẹ̀, dẹ́rẹ́bà náà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún ọkọ mi. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń ta jìtá?"

Ọkọ mi nàka sí mi. Ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíì ń bọ̀.

Áńpù méjì ló wà ní pálọ̀. Èyí àkọ́kọ́ ń dán, iná pupa àti àwọ̀ ewé sì tò sí i níwájú. Èkejì dúdú, awọ ara rẹ̀ ti ya, ó ń rùn sìgá, ó sì wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì. Ojú kì í rí arẹwà kó má kí i, ọ̀dọ̀ èyí tó ń dán ni ọkọ mi kọjá sí. Ó fi ìka kan án kó kó bí ẹni tó ń ra bàrà, ó sì béèrè bóyá ó ní rìmóòtù.

"Èyí gan-an ni kẹ́ ẹ mú, sà," dẹ́rẹ́bà ní. "Kò ní stress rárá. Ẹ lè fi fóònù gbọ́ ìwàásù nínú ẹ̀."

Mo fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀, mo lọ kúnlẹ̀ sẹ́yìn èyí tó dúdú, mo tan iná fóònù sí i. Fàdákà orí àwọn gílóòbù náà ṣì ń dán, àmì pé afẹ́fẹ́ ò tíì wọ inú wọn. Iná ilẹ̀ wa ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ti Amẹ́ríkà tó máa ń jóná mọ́ni lọ́wọ́. Mo fi pẹ́ńsù kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò séyìí tó mì nínú wọn. NEPA ti mú iná lọ, máígáàdì wá bá wa tan jẹnẹrétọ̀. Mo ki wáyà jìtá tí mo gbé wá nínú mọ́tò bọ áńpù náà, mo tan án, mo sì káwọ́ gbera.

"Kí là ń dúró dè?" ọkọ mi béèrè.

"Ó ní láti gbóná ná, Dáádì."

"Ṣé ìrẹsì ni?"

Dẹ́rẹ́bà náà bẹ̀ mí pé, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orin Ọlọ́run dán an wò. Ilé yìí ti ṣófo tipẹ́, a ò mọ ẹni tó ń gbọ́." Mo gbà. Mo yan orin ìyìn kan tí gbogbo wa mọ̀, mo wá yí bọ́tìnì tó ń mú ohùn le dé òpin ibi tó lè dé, mo sì fọwọ́ kan okùn tó nípọn jù.

Fèrèsé gbọ̀n. Ajá ilé kejì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ohùn náà jáde kúrò nínú àpótí yẹn, ó gba àyà mi, kò sì fẹ́ tán. Bí mo bá di okùn mú, ó ń ké lọ, bí mo bá fà á, òun náà á fà bí ẹni tó ń ráhùn. Gbogbo ohun tí mo ti gbé mì ní ìpàdé ọ́fíìsì àti ní ìpàdé akọrin ló ń tú jáde, orin ìyìn náà sì wà láàárín rẹ̀ ketekete. Mo gbọ́ ara mi. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, mi ò sì dá ọwọ́ dúró. Máígáàdì sáré wọlé, ó ní, "Kai. Hajiya, sànnu o," ó sì dúró gbọ́ ìyókù.

Nígbà tí mo parí, mo sanwó lójú ẹsẹ̀, mi ò tiẹ̀ dúró ná an dáadáa. Ọkọ mi jáde lọ sídìí mọ́tò, ó sì mú ìgò òróró àdúrà rẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. A kì í gbé àlòkù wọ ilé wa láìta òróró sí i, nítorí a ò mọ ohun tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ fi ṣe. Fíríìjì wa gba òróró. Mọ́tò gbà á ní bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ní gbogbo táyà. Àga tá a rà lọ́wọ́ ará Kabusa kan gbà á tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ àlejò fi ń lẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà mo dijú, mo ń ṣe àmín bó ṣe ń gbàdúrà, dẹ́rẹ́bà náà sì ń gbè é. Mo rò pé á fi ìka fa àgbélébùú sí i lórí ni. Ọkùnrin yìí dà á ni, ó sì dà á sí ojú ihò tí ooru ń gbà jáde.

Ohun tí mo gbọ́ ni ṣàà, lẹ́yìn náà pá. Ọ̀kan nínú àwọn gílóòbù ńlá là, fàdákà orí rẹ̀ sì funfun bí eérú lójú mi. Èéfín tó jáde ń rùn bí ìdí àkàrà. Áńpù náà kérora, ó sì dákẹ́.

Dẹ́rẹ́bà mi orí. "Sà, ó ti jáde nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín, ṣùgbọ́n èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ní ká kúkú ṣe pàṣípààrọ̀, ká mú èyí tó ń dán. Mo ní mi ò ṣe. Dẹ́rẹ́bà rán mi létí pé mo ti sanwó, mo ní kó fi áńpù náà ṣe àpótí ìjókòó. Mo lọ jókòó sínú mọ́tò, mo sì ti ilẹ̀kùn gbà.

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Gwarinpa kí n tó lanu. "Dáádì, ẹ̀mí wo gan-an lẹ rí lára áńpù yẹn?"

Kò wò mí. Ọ̀nà ló ń wò. "Kì í ṣe áńpù ni mò ń gbàdúrà fún."

"Ta wá ni?"

"Ìwọ ni. Mi ò lè da òróró sí ọ lórí níwájú àlejò. Ọjọ́ Ìsinmi gbogbo ni mò ń jókòó síwájú yín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò mọ̀ pé ohun tó wà nínú rẹ nìyẹn. Ẹ̀rù bà mí."

Mo yíjú wò ó. Ẹ̀rù náà ṣì wà lójú rẹ̀ lóòótọ́. Ọkùnrin yìí ti gbọ́ mi níbi tí mo ti ń kọrin, ó ti gbọ́ mi níbi tí mo ti ń jà, ó gbọ́ igbe mi nígbà tí mò ń rọbí, kò sì sí èyí tó bà á lẹ́rù nínú wọn. Inú mi dùn débi pé mi ò rántí ibi tí mo bá ìbínú dé. Mo ní kó yí mọ́tò padà ká lọ gbé áńpù mi, pé gílóòbù kan tó là ṣeé pààrọ̀, kó sì rọra máa wakọ̀, torí àwọn tó gbọ́ mi ò pọ̀ láyé, mi ò sì fẹ́ pàdánù èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí.