Pépà tí Mo Lẹ̀ Mọ́ra Ìgò

"Jámánì" ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́hùn-ún, nígbà tí mo sì padà sí Ìlọrin lẹ́yìn ogun abẹ́lé, èmi nìkan ni mo gbọ́ èdè wọn nílé ìwòsàn wa. Orí mi ń wú, mi ò ní parọ́.

Àwọn aláàánú kan kó páálí oògùn àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí wa láti Jámánì. Dókítà ní kí n tú gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jókòó ti taipuráítà. Mo tú u, mo tẹ̀ ẹ́, mo gé pépà wẹ́wẹ́, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ bo ti Jámánì lára ìgò kọ̀ọ̀kan, ó mọ́ rekete. Ìyá Sẹ́lí, nọ́ọ̀sì àgbà wa, ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ṣé ìgò lò ń lẹ̀ ni, àbí ọ̀lẹ̀lẹ̀ lò ń pọ́n?"

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, wọ́n gbé Ràfíátù dé láti abúlé. Ó ti bímọ, ọmọ yè, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ò dá. Sàlíù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àgbẹ̀, ti ká apá ẹ̀wù sókè: "Ẹ fa tèmi!"

Mo kán ẹ̀jẹ̀ Sàlíù sórí gíláàsì, mo kán oògùn inú ìgò sí i. Bí ẹ̀jẹ̀ àti oògùn ò bá rẹ́, á di kókó-kókó bí ògì tí wọn ò rò dáadáa. Èyí ò ṣe nǹkan kan. Mo gbà pé irú tí a lè fà fún ẹnikẹ́ni ni. Ó yẹ kí n tún pò ó mọ́ ti Ràfíátù wò, àmọ́ Ìyá Sẹ́lí ń pariwo, "Jámánì, ó ń lọ o!" Mo fa ẹ̀jẹ̀ Sàlíù, mo gbé e fún wọn kí wọ́n fà á sí i lára. Ìyẹn náà wà lọ́rùn mi.

Kò pẹ́ tí Ràfíátù fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìtọ̀ rẹ̀ dúdú. Ó kú kí wọ́n tó kírun Jímọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi omi rẹ pépà mi kúrò lára ìgò. Mo rí ìlà kékeré kan tí mo fò nígbà tí mò ń tú u: *Verwendbar bis*, ìyẹn ni pé ẹ má lò ó kọjá ọjọ́ báyìí. Ọjọ́ ọ̀hún ti kọjá tipẹ́. Oògùn ti kú, ìyẹn ni ẹ̀jẹ̀ Sàlíù ò fi di kókó-kókó; mo fọwọ́ ara mi bo ọjọ́ ikú rẹ̀. Ìnnà lílàhì! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Láti ìgbà náà títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọjọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ tú.

Mo fi ìgò náà han Dókítà. Ó ní, "Da àwọn ìgò yẹn nù. Pa ẹnu mọ́."

Mo pa á mọ́, títí a fi gbọ́ pé ará abúlé ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ Sàlíù ló pa àbúrò rẹ̀. Mo lọ síbi àdúà ọjọ́ kẹjọ. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá Sàlíù, òun nìkan.

"Ìyá mi ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọmọ náà," ló wí. "Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi burú."

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ ò burú, Sàlíù. Oògùn tó ti bàjẹ́ ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ni mo ṣì í ṣe."

Ó sún mọ́ mi. Mo rò pé á gbá mi.

"Ẹ wá sọ ọ́ níwájú ìyá mi."

Mo tẹ̀ lé e wọlé. Mo dọ̀bálẹ̀ láàárín àwọn àáfà, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá Sàlíù tú ọmọ náà sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé e lé Sàlíù lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí mi.

"Ìwọ, dìde. Máa lọ."