Mùílì Akọ̀pẹ àti Epo Ìgbéyàwó Marufat

Ní Ìrẹsà, ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ olóògbé Mùílì Akọ̀pẹ, ọjọ́ tó bá ìyàwó rẹ̀ jà láti orí ọ̀pẹ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ. Ọdún 1988 ni. Ìgbéyàwó Marufat, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, ku ọjọ́ mẹ́rin, kò sì sí epo tí wọn yóò fi se ọbẹ̀ fún àwọn àna tó ń bọ̀ láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọ̀pẹ mẹ́fà wà lẹ́yìnkùlé, ìdì ẹyìn sì wà lórí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n Mùílì, ọ̀mọ̀wé tí Ọlọ́hun dìídì rán sí àwa òmùgọ̀, ní àfi kí ẹyìn méje kọ́kọ́ já bọ́ fúnra wọn kí òun tó gun ọ̀pẹ kankan.

“Bàbá Marufat, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kójú tì wá,” Àtọ́kẹ́ ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

“Ẹyìn tí kò pọ́n kò lépo. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.”

“Ṣé òwe làwọn àna máa fi jẹ iyán ni?”

Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ ò ràn án, Àtọ́kẹ́ lọ ṣa ẹyìn méje lábẹ́ ọ̀pẹ aládùúgbò, ó fọ́n wọn sábẹ́ ọ̀pẹ ọkọ rẹ̀, ó wá figbe ta pé ó ti já bọ́ o! Mùílì kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó so igbà mọ́dìí, ó gùn ún. Nígbà tó dókè, ó wo ìdì ẹyìn náà, ó kígbe sílẹ̀.

“Àtọ́kẹ́! Ìdì ibí yìí ṣì dúdú bí ìdí ìkòkò! Ta ló bí àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀ yẹn?”

Ó wàásù lórí ọ̀pẹ títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Lẹ́mọ́mù gan-an kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

Ẹni tó kórìíra jù ni Ọládépò, akọ̀pẹ Ìkòyí-Ilé, tó máa ń tètè kọ ẹyìn. “Agbẹ̀bí tí ò mọ oṣù” ló ń pè é. Ó tọ́ epo rẹ̀ lá rí lọ́jà Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní, “Ẹ kúuṣẹ́ o. Omi pupa yìí á dáa fún kíkun ògiri.” Ìyàwó Ọládépò fẹ́rẹ̀ẹ́ da ìgò epo náà lé e lórí.

Síbẹ̀, nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la, Mùílì gbé kẹ́ẹ̀gì epo kan wọlé. “Má bi mí léèrè,” ló sọ fún Àtọ́kẹ́. Àwọn àna jẹun, wọ́n lá ọwọ́. Ọ̀gbẹ́ni Mùílì ní inú ń run òun, kò fẹnu kan ọbẹ̀ náà.

Lọ́jọ́ fídáù Mùílì, a ti fi ìtàn rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí nígbà tí Ọládépò dìde.

“Èmi ni mo ni epo yẹn. Ó gun kẹ̀kẹ́ wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bẹ́ẹ̀ ó fi ọdún márùn-ún jù mí lọ. Ó ní, ‘Ọládépò, o ò mọṣẹ́ rárá, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má jẹ́ kójú ti ọmọ mi.’”

Ilé hó fún ẹ̀rín. Àtọ́kẹ́ náà rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́, kò sì lè dá a dúró mọ́.

“Kò sọ fún mi,” ló ń wí. “Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, kò sì sọ fún mi.”