Bí Mo Ṣe Ra Agbára Fún Ọkọ̀ Mi

Búrẹ́dì tí mo rà láàárọ̀ yìí, ihò ńlá ló wà láàárín ẹ̀. Mo bu ẹ̀wà sí i, ẹ̀wà já sí mi lẹ́sẹ̀. Ǹ bá padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Afẹ́fẹ́ ni mo fowó rà. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́, torí lọ́dún tó kọjá mo ra afẹ́fẹ́ fún ọkọ̀ mi náà, ìyẹn sì wọ́n ju búrẹ́dì lọ.

Èèyàn mẹ́rin ni mo máa ń gbé nígbà yẹn, láti Àgbádárìgì lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Ọ̀tọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjànikin. Tíṣà mẹ́ta, àti Alhájà kan tó ń bójú tó ilé ìkàwé wọn. Lóṣooṣù ni wọ́n ń sanwó fún mi. Èmi tí mi ò kàwé kọjá fọ́ọ̀mù tú, èmi ni mo ń gbé àwọn tó kàwé lọ síbi ìwé. Iṣẹ́ yẹn ló gbà mí lọ́wọ́ pípe èrò ní gáréèjì títí ohùn á fi há. Mi ò fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi rárá.

Ṣùgbọ́n a máa ń pẹ́. Aago mẹ́jọ ni wọ́n ń kó ìwé tí wọ́n ń sáìn kúrò nílẹ̀ níbẹ̀, ká tó dé, wọ́n á ti kó o. Alhájà, tó jẹ́ pé iwájú ni ìjókòó ẹ̀, kì í pariwo. Á kàn mí kanlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, kẹ̀kẹ́ Márúwá tó kó àgbọn yà wá sílẹ̀ ní Aradagun. Tíṣà kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

"Dírẹ́bà, ọkọ̀ yín ń rìn bí ìyàwó tí wọ́n ń mú lọ sílé ọkọ."

Èyí tó jókòó tì í ní, "Ìyàwó kẹ̀? Ìyá ìyàwó ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mi lọ. Ègùn ni, ó sì jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Mo ní kó bá mi pààrọ̀ rọ́kà, ìyẹn àwọn irin kéékèèké tó ń tẹ fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọnú ẹ́ńjìnnì kó lè ṣí. Òyìnbó kan tí mo wò lórí fóònù ní téèyàn bá fi èyí tó lápá gígùn sí i, fáàfù á ṣí dáadáa, ẹ́ńjìnnì á máa mí délẹ̀. Ó ní ká tún yọ ilé fìlítà, ìyẹn àpótí ike tó bo fìlítà tó ń sẹ́ eruku, ká fi fìlítà síta gbangba kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé fàlàlà.

Ẹ̀gbọ́n tẹ́tí dáadáa. Ó ní, "Ọkọ̀ yìí ò ṣàìsàn o. Ó dàgbà ni. Ṣé kí n pààrọ̀ eegun tìẹ náà?"

"Ẹ ṣáà bá mi ṣe é, ẹ̀gbọ́n."

"Títì yìí tẹ́jú pẹrẹsẹ láti Sẹ̀mẹ̀ dé Ìjànikin. Òkè wo lo fẹ́ gùn?"

Mo sanwó, mo ní kó kó àwọn rọ́kà àtijọ́ fáwọn tó ń ra irin. Ẹni tó ka fọ́ọ̀mù tú, tó tún ní dátà lórí fóònù, ta ló lè gbà á nímọ̀ràn?

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ó ń fi Ègùn bá ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀, mo sì mọ̀ pé èmi ló ń bú.

Ká má purọ́, ọkọ̀ sáré. Mo tẹná mọ́ ọn lọ́jọ́ Àìkú, igi àgbọn ń sá lọ sẹ́yìn. Ariwo ẹ̀ ni mi ò rò mọ́ ọn. Fìlítà ò nílé mọ́, bí mo bá ti tẹná, á mí bí akọ màlúù tí wọ́n lé.

Lọ́jọ́ Ajé, a dé ibi tí àwọn aṣọ́bodè máa ń dúró sí. Wọ́n ti mọ̀ wá tipẹ́, wọ́n kàn máa ń juwọ́ sí wa ni. Lọ́jọ́ yìí ọ̀kan na ọwọ́, ó dá mi dúró.

"Ọ̀gá dírẹ́bà, kí lẹ gbé sínú ẹ́ńjìnnì yìí?"

"Afẹ́fẹ́ ni, sà."

"Afẹ́fẹ́. Ó dáa. Ẹ ṣí bùútù."

Ohun tó yẹ kí n ti rò kí n tó náwó nìyẹn. Lójú ọ̀nà tiwa yìí, ta ló ń fi agbára kún ẹ́ńjìnnì? Onífàyàwọ́ ni. Ìwé ìdánwò àti agboòrùn ni wọ́n bá nínú bùútù mi. Wọ́n ní ká máa lọ. Mo tẹná, ọkọ̀ fò, mi ò tíì gbádùn ẹ̀ tán tá a fi dé ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn. "Ẹ páàkì!" Bá a ṣe dé Ọ̀tọ̀ nìyẹn, à ń sáré, à ń dúró, bí ẹni tó ń lé adìẹ. A pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní kí Alhájà sọ̀ kí wọ́n lè wo abẹ́ ìjókòó ẹ̀. Ó sọ̀, ó di híjáàbù ẹ̀ mú nínú atẹ́gùn, ó ń wo aago ọwọ́ ẹ̀. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

Mo sáré padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n pé kó dá ti àtijọ́ padà. Ó ń nuwọ́. "Èyí tó o ní kí n kó fáwọn tó ń ra irin? Ó ti di ìkòkò báyìí." Ilé fìlítà nìkan ló kù, ajá ẹ̀ ti ń mu omi nínú ẹ̀. A fọ̀ ọ́, a dá a padà. Ariwo lọ sílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn aṣọ́bodè ti mọ ọkọ̀ mi dunjú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ mo dé ẹnu ọ̀nà Alhájà, mo bá ọkọ̀ mìíràn níbẹ̀, ọkọ̀ kan tó gbó ju tèmi lọ. Àwọn tíṣà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jókòó sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó wojú mi. Alhájà ti gbé ẹsẹ̀ kan wọnú ọkọ̀ náà. Mo dọ̀bálẹ̀, dé ibi tí ẹ̀yìn mi gbà mí láyè dé.

"Alhájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Torí yín ni mo ṣe ṣe é. Kẹ́ ẹ lè máa tètè dé ibi iṣẹ́ ni."

Ó fa ẹsẹ̀ kejì wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó sì yọrí síta lójú fèrèsé.

"Dírẹ́bà, ta ló ní kó o sáré? Aago mẹ́fà la ní kó o máa wá gbé wa. Aago mẹ́fà ààbọ̀, a ṣì ń pè ẹ́ lójú oorun."