Ẹ̀yìn Ayé Onírin

Bí fíìmù kan bá ti gbé ayé onírin yẹn jáde, ìyá ọkọ mi á ní kí n dá a dúró. Ère ńlá rìbìtì ni, tí àwòrán gbogbo ilẹ̀ ayé wà lára ẹ̀, tí wọ́n ṣe fún ìpàtẹ àgbáyé kan ní Amẹ́ríkà láyé ijọ́un. Ó ti wá kúnnú fíìmù, ó kúnnú fídíò olórin.

“Ẹ̀gbẹ́ tiwọn nìkan ni wọ́n máa ń yà,” Màmá á ní. “Tiwa wà lẹ́yìn.”

Màmá ti débẹ̀ rí. Ọmọ wọn ní kí wọ́n dúró síbi tí gbogbo èèyàn ti ń ya fọ́tò, wọ́n kọ̀. Wọ́n rìn yí i ká títí wọ́n fi rí Áfíríkà, wọ́n sì dúró sábẹ́ ẹ̀. Oòrùn wà lẹ́yìn wọn, fọ́tò náà wá dúdú. Síbẹ̀, òun ni wọ́n gbé kọ́ sí pálọ̀ wa ní Ìkòròdú.

“Màmá, ojú yín ò hàn.”

“Ṣé ẹ ò mọ ojú mi ni?”

Lọ́jọ́ kan mo ra tíṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ya ayé onírin náà sí láyà. Màmá di èjìká mi mú, wọ́n yí mi padà, wọ́n wo ẹ̀yìn mi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

“Ìyàwó wa, bọ́ ọ.”

Mo rò pé wọ́n ń bínú ni. Àṣé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ àwòrán sáṣọ ni wọ́n ń gbé e lọ, tòun ti fọ́tò pálọ̀.

Ní báyìí, ẹni tó bá pàdé mi lọ́nà á rí Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn mi á rí Áfíríkà, àti ìyá kan tó dúró sábẹ́ ẹ̀ bí onílé.