Ògúntúndé Ajórun àti Irun Láwùmí

Láti Ring Road títí dé Challenge ní Ìbàdàn, kò sí ẹni tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ Ìsinmi tí omi ìtẹ̀bọmi dójú ti Ògúntúndé Ajórun. Ẹni tó bá ní òun kò gbọ́, ẹ bi í pé níbo ló wà lọ́dún 1983. Bóyá ẹ̀wọ̀n ló wà.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ náà, obìnrin méje nínú àwọn tí Pásítọ̀ fẹ́ tẹ̀ bọmi ló tò sí ṣọ́ọ̀bù Ògúntúndé pé kó bá wọn jó irun wọn kó lè sùn sílẹ̀. Láwùmí, olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Baṣọ̀run, ni wọ́n fi sẹ́yìn, nítorí tirẹ̀ ló le jù. Irun náà ki, ó ta kókó, ó sì pọ̀ débi pé bí òjò bá kán sí i láàárọ̀, ó di ìyálẹ̀ta kí omi tó kan awọ orí. Ìgbà tó wà lọ́mọdé, òòyà mẹ́ta ló kán sí i lórí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ìyá rẹ̀ sì ní kí Láwùmí náà máa bá wọn fowó sí òòyà rírà.

Wákàtí mẹ́ta ni Ògúntúndé fi jó o. Ó ń ki kóòmù irin bọ inú èédú, ó ń fi ọ̀rá pa irun, ó ń fà á, ó tún ń fà á, títí irun fi tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ń dán bí ẹ̀yìn ẹja àrọ̀.

"Bàbá, ẹ rántí pé ọ̀la ni wọ́n máa rì wá sínú omi," ni Láwùmí wí.

"Omi wo? Irun tí mo bá ti jó, kò mọ ohun tó ń jẹ́ omi mọ́."

"Ṣùgbọ́n bí omi bá kan irun tí wọ́n jó—"

"Láwùmí, ṣé ìwọ lò ń jó o ni, àbí èmi?"

Ẹni tí kóòmù gbígbóná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ kì í jiyàn.

Lọ́jọ́ kejì, Pásítọ̀ ri ẹni àkọ́kọ́. Obìnrin náà wọlé pẹ̀lú irun tó sùn, ó jáde pẹ̀lú irun tó jí. Ẹni kejì, bákan náà. Nígbà tó fi máa kan ẹni kẹfà, àwọn akọrin ti ń fi ìwé orin bo ẹnu. Láwùmí ló kẹ́yìn. Wọ́n rì í, irun rẹ̀ sì kọ́kọ́ yọ lójú omi kí orí tó dé; Pásítọ̀ fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Ògúntúndé bá dìde lórí ìjókòó, ó sọ ọ́ sókè kí gbogbo ìjọ lè gbọ́ pé: "Ẹ má tíì wò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ ná."

Wọ́n gbẹ. Ìgbà tí wọ́n gbẹ tán ló wá burú.

Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Àpínkẹ́ tí í ṣe Ìyá Ìjọ dúró de Ògúntúndé, ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é. "Bàbá Bùsọ́lá," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sídìí mọ́tò tí ẹ ti ń lù. Mọ́tò kì í tijú."

Ọ̀rọ̀ náà gún Ògúntúndé. Ó na ìka sí Láwùmí tó wé táwẹ́ẹ̀lì mọ́rí, ó ní: "Ẹ wo ọmọ yìí. Lọ́jọ́ tó bá ń lọ sílé ọkọ, èmi ni màá jó irun rẹ̀, omi kankan kò sì ní lè ṣe é ní nǹkan kan. Bí omi bá tún borí mi lórí ọmọ yìí, mo gbé kóòmù sílẹ̀, mo padà sídìí òòlù."

Gbogbo ìjọ ló jẹ́rìí sí i. Kò sì sí ẹni tó bi Láwùmí bóyá ó fi orí rẹ̀ sílẹ̀ fún ogun.

Ṣakí ni wọ́n bí Ògúntúndé sí, nínú agbo ilé alágbẹ̀dẹ. Nígbà tó dé Ìbàdàn, ara mọ́tò tó bá tẹ̀ ló ń lù kó dọ́gba, ní Challenge, fún ọdún mọ́kàndínlógún. Pijó tí tírélà ti tẹ̀ bí àkàrà, bó bá kúrò lọ́wọ́ Ògúntúndé, ẹni tó ni ín yóò máa wá mọ́tò rẹ̀ kiri nínú ọgbà. Ọjọ́ kan ló rí obìnrin kan ní Dùgbẹ̀ tó ń fi irin gbígbóná na irun èèyàn. Ó dúró wò ó fún ìdajì ọjọ́. Ó délé, ó sọ fún Moróunkẹ́ ìyàwó rẹ̀ pé: "Irin ni wọ́n fi ń ṣe é. Irin tí wọ́n bí mi sídìí rẹ̀. Kí ló wá kù?"

"Ó ku irun," ni Moróunkẹ́ wí. Kò gbọ́. Òòlù ti di etí òsì rẹ̀ pátápátá.

Ọkùnrin tí kò lè jókòó ni. Bó bá jó irun oníbàárà tán, yóò tẹ̀ lé e débi ọkọ̀, yóò máa fọwọ́ pa á lẹ́yìn orí. Ìgbà kan ló wọ ọkọ̀ tẹ̀ lé obìnrin kan títí dé Ìwó Road nítorí ìdì irun kan ṣoṣo tó ń gbèrò àtidìde. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú pẹ́rẹ́n, yóò bọ́ síta, yóò máa kanlẹ̀kùn kiri pé kí àwọn oníbàárà òun má jáde. Ó ń wo ojú ọ̀run bí àgbẹ̀, àfi pé àgbẹ̀ ní tirẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún òjò.

Lọ́dún 1984, ọjà òkè òkun wọ́n gógó, rílásà inú agolo tí wọ́n fi ń na irun di ohun tí ojú ń rí tí ọwọ́ kò tó. Ògúntúndé ní òun yóò ṣe tòun. Ó po òrí mọ́ ẹyin, ó bu omi eérú tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ sí i, ó da ògì lé e. Moróunkẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀, ó wé gèlè méjì léra, ó lọ kí àbúrò rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Nígbà tí Láwùmí yà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó bá Ògúntúndé lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi ìpara náà pa gọ̀gọ̀ ọrùn àgbò tí Àlíù télọ̀, aládùúgbò rẹ̀, so mọ́lẹ̀ de Iléyá.

"Bàbá, ṣé Àlíù mọ̀?"

"Bó bá rí i, yóò mọ̀."

Àlíù rí i. Gọ̀gọ̀ àgbò náà ti sùn, ó ń dán, ó pín sí méjì láàárín bí irun akọ̀wé. Àlíù yí àgbò náà po lẹ́ẹ̀mẹta. "Bàbá Bùsọ́lá," ló wí, "ẹ jẹ́ ká sọ òdodo. Ṣé Ọlọ́run yóò gba èyí?"

Wọ́n ránṣẹ́ pe Áfáà. Áfáà wò ó tìtì, ó ní: "Ìwé sọ pé kí ojú rẹ̀ má fọ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má rọ, kí ó má rù. Wọn kò dárúkọ irun." Wọ́n pa á ní Iléyá. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló rí i pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi ìpara pa gọ̀gọ̀ rẹ̀, àgbò náà kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ kàn mọ́. Ó ń ṣọ́ irun.

Báyìí ni ọjọ́ ń lọ títí Láwùmí fi rí ọkọ. Adéróunmú lorúkọ ọmọkùnrin náà, awọnlẹ̀ ni, Bódìjà ló ń gbé. Wọ́n mú ọjọ́ sí oṣù kẹfà ọdún 1985, nígbà tí òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń sanwó fún un. Lọ́jọ́bọ̀ tó ku ọjọ́ méjì, Moróunkẹ́ wá bá Láwùmí nílé.

"Ọmọ mi, o mọ ẹ̀jẹ́ tí Bàbá Bùsọ́lá jẹ́."

"Gbogbo ìjọ ló mọ̀ ọ́n, mà."

"Dókítà ti sọ pé bó bá padà sídìí òòlù, etí kan tó kù yẹn náà yóò di. O sì mọ̀ ọ́n, bó bá ti sọ̀rọ̀ tán, yóò padà ni." Moróunkẹ́ wo ilẹ̀. "Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kó o ṣe nǹkan kan o. Mo kàn ní kí n sọ fún ọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, Ògúntúndé ti dé kí àkùkọ tó kọ tán. Ó jó irun náà, ó fi ọ̀rá pa á, ó tún un jó. Láwùmí wo dígí, kò mọ ẹni tó ń wò ó padà. Irun náà sùn débi pé eṣinṣin kan bà lé e, ó yọ̀ ṣubú.

Wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì, òjò sì ń ṣe winniwinni. Láti ibi tí mọ́tò dúró sí dé ẹnu ọ̀nà kò ju ìgbésẹ̀ méjìlá lọ. Láwùmí fọwọ́ méjèèjì bo orí, ó sáré, ṣùgbọ́n òjò ti wọ inú nẹ́ẹ̀tì tó fi borí. Nígbà tó fi máa wọnú yàrá ẹ̀yìn, ó ti ń gbọ́ ìdí irun tó ń rìn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìyẹ̀fun tí ìwúkàrà bọ́ sí nínú.

"Màámi," ló wí fún ìyá rẹ̀, "ẹ bọ́ gèlè yín fún mi."

"Gèlè sányán lórí aṣọ funfun? Ìyàwó wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni, Màámi. Ẹ ṣe kíá."

Ìyá Àpínkẹ́ ti dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó wá wò ó fúnra rẹ̀. "Irun yẹn ńkọ́? Ṣé ó dúró?"

"Ó sùn bí ọmọ tuntun, mà."

"Kí lo wá bò ó fún?"

"Ó dára jù, mà. Ojú ayé ni mo ń bò ó fún."

Ìyá Àpínkẹ́ padà sórí ìjókòó rẹ̀. Ta ni yóò ní kí ìyàwó má ṣọ́ra fún ojú ayé lọ́jọ́ ìgbéyàwó? Ọdún méjì péré ló pé tí wọ́n ti tẹ Láwùmí bọmi. Irọ́ àkọ́kọ́ tó pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, tẹ̀rín-tẹ̀rín ló sì pa á. Ṣùgbọ́n kò fi orí rẹ̀ sílẹ̀ lófo títí ó fi di ọjọ́ Àìkú.

Láti ọjọ́ náà, èrò kún ṣọ́ọ̀bù Ògúntúndé bámúbámú. Àwọn tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ padà wá tò. Òun náà kò sì jẹ́ kí ìtàn náà rù. Nígbà tó fi máa di 1987, òjò winniwinni yẹn ti di àgbàrá tó gbé mọ́tò méjì lọ, Láwùmí sì lúwẹ̀ẹ́ kọjá nínú rẹ̀ láìsí pé irun kan yẹ̀.

Lọ́dún 1989, àìsàn dá Ògúntúndé dùbúlẹ̀. Láwùmí lọ kí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó bá a ní ìjókòó létí ibùsùn, ó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò sinmi, ó ń ya etí aṣọ ìbora rẹ̀ bí ẹni ń ya irun.

"Bọ́ sí apá ọ̀tún," ló wí, "kí n lè gbọ́ ọ." Láwùmí yí sí ọ̀tún. "Irun yẹn wú lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ."

Láwùmí gbé ojú sókè. "Ta ló sọ fún yín?"

"Gèlè ni. Bí wọ́n ṣe ń kọ orin ló ń ga. Nígbà tí wọ́n fi máa kọ ẹsẹ kẹrin, mi ò rí Pásítọ̀ mọ́."

Láwùmí bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí?"

"Ìwọ náà ò sọ ọ́."

Láwùmí tú gèlè orí rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ọmọdé, ó na òòyà onígi kan sí i. Kò sí èédú níbẹ̀, kò sí ọ̀rá, kò sí irin. Ògúntúndé bẹ̀rẹ̀ sí í yà á láti ẹ̀yìn ọrùn, díẹ̀díẹ̀, kókó kan tẹ̀ lé òmíràn. "Irun tó le," ló ń sọ fún ara rẹ̀. "Irun tó le dáadáa." Ó pẹ́ kí Láwùmí tó mọ̀ pé ọwọ́ náà ti dúró. Ó ti sùn lọ, òòyà ṣì wà nínú irun. Láwùmí kò mira títí Moróunkẹ́ fi ti ọjà dé.

Lọ́jọ́ karùn-ún ni Ògúntúndé kú. Níbi ìsìnkú, Láwùmí wá láìwé gèlè, irun rẹ̀ dìde wọ̀ọ̀, apá kan yà, apá kan kò yà. Ìyá Àpínkẹ́ súnmọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Láwùmí, ta ló ṣe irun yìí fún ọ?"

"Bàbá ni, mà," ni Láwùmí wí. "Mi ò fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn tíì kàn án."