Òpó Àárín Ilé Nọ́ọ̀sì

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Bàbá Olópòó, ẹ kàn pe òpó ní pílà níwájú rẹ̀. Gbogbo bíríkìlà, gbogbo káfíńtà, àní Ọ̀gá tó ni ọ́fíìsì pàápàá, pílà ni wọ́n ń pè é. Òun nìkan ló kọ̀ jálẹ̀. "Pílà wo? Ṣé èdè wa ò ní orúkọ fún un ni? Òpó! Ẹ pè é dáadáa." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Olópòó nìyẹn, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni. Ayàwòrán-ilé á ya yàrá, pálọ̀ àti ilé ìdáná sórí bébà, kò ní bìkítà nípa ohun tó máa gbé wọn dúró. Bàbá Olópòó ló máa tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, tó máa mú pẹ́ńsùlù, tó máa sọ ibi tí òpó kọ̀ọ̀kan á wà: igun ilé lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ibi tí ògiri ti pàdé ògiri, kí òpó lè rí ibi sá pamọ́ sí. Tòkè gbọ́dọ̀ dúró gẹ́lẹ́ lórí tìsàlẹ̀ títí dé ìpìlẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló ti ń ṣe é, ilé tirẹ̀ kankan kò sì tíì sán.

Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni Kékeré dé ọ́fíìsì náà. Nítorí pé kò ga ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ti di ìyá ọlọ́mọ méjì báyìí. Bàbá ló kọ́ ọ níṣẹ́, tọkàntọkàn ló sì fi kọ́ ọ. Ó máa ń yìn ín kiri, títí di ọjọ́ tí Ọ̀gá gbé àwòrán ilé tuntun kọjá níwájú tábìlì rẹ̀, tó gbé e lọ sórí tábìlì Kékeré. Kò yà. Kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ọjọ́ yẹn ni owú wọ ọkùnrin náà lára. Bí Kékeré bá rẹ́rìn-ín, inú á bí i. Bó bá ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù, inú á bí i. Kí ló dé tó fi máa ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́ bó bá ń ṣiṣẹ́, bíi pé iṣẹ́ náà ò le rárá?

Nílé, ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ yìí títí ó sú u. "Ọmọ tí ẹ fi ọdún méje yìn létí mi," obìnrin náà ní, "òun náà lẹ wá ń bú yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n jẹun o." Bàbá ní òun ò bú ẹnikẹ́ni. Irọ́ ni. Ó ń bú u dáadáa.

Ohun tó wá da epo sí iná ni ilé ìwé alájà mẹ́rin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ń bọ̀. Ọ̀gá ní ẹnì kan péré nínú Bàbá àti Kékeré lòun máa fi ṣe olórí iṣẹ́ náà, pé òun á kọ́kọ́ wo ilé Nọ́ọ̀sì tí Kékeré ń ṣe lọ́wọ́, òun á sì sọ ẹni náà lọ́jọ́ Ẹtì. Nọ́ọ̀sì yìí, ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún méjì. Ó fẹ́ kọ́ ilé tí òun àtọkọ rẹ̀ jọ ń rò, àbúrò ọkọ rẹ̀ ló sì ń bá a sáré iṣẹ́ náà.

Lọ́jọ́rú, nígbà tí Kékeré jáde lọ jẹun, Bàbá rọra lọ ṣí àwòrán rẹ̀. Àṣìṣe ló ń wá. Ó wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò rí nǹkan kan. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, òpó dúró lórí òpó. Àfi ìgbà tó dé pálọ̀ tó rí ẹyọ òpó kan tó dúró ní gbangba láàárín ilé, láìsí ògiri kankan tó bò ó. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́.

Ó tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, ó sì yọ òpó náà kúrò láti wò ó. Bíìmù, ìyẹn kọnkéré tó ń dábùú láti òpó kan sí òmíràn, wá di mítà méje. Kí ó tó lè gbé àjà, àfi kó sanra débi pé orí ẹni tó ga á máa gbá a. Ó tún un wọ̀n. Ó tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta. Ibẹ̀ náà ni òun pàápàá ì bá fi òpó náà sí. Èyí ló wá dùn ún jù. Ká ní obìnrin náà ṣàṣìṣe ni, ì bá dárí jì í.

Kó tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ti fa fóònù yọ, ó sì tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí àbúrò ọkọ Nọ́ọ̀sì. Ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Bó ṣe kọ ọ́ nìyí: "Opo ti won fi si aarin ile yin n ba ile je. Ko wulo. E ni ki won yo o kuro ki ise to bere. E ma so pe emi ni mo wi."

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Nọ́ọ̀sì ya wọ ọ́fíìsì, ojú rẹ̀ wú, àbúrò ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà na fóònù sí Ọ̀gá. "Ẹ ka ohun tí òṣìṣẹ́ yín kọ sí mi nípa ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi."

Ọ̀gá kà á sókè. "Opó tí wọ́n fi sí àárín ilé yín ń ba ilé jẹ́..." Ó wo nọ́ńbà tó wà lókè rẹ̀, ó sì wo Bàbá Olópòó.

"Kí ni mo ṣe fún yín, bàbá?" Nọ́ọ̀sì béèrè. "Ṣé èmi ni mo pa ọkọ mi ni?"

Òógùn bo Bàbá. Kí ó tó lè sọ pé òun ò bú opó, àfi kó jẹ́wọ́ ohun tí òun ń bú gan-an.

Kékeré ló dìde. "Mà, ẹ má bínú. Òpó ni wọ́n kọ, kì í ṣe opó! Bàbá kì í pè é ní pílà, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Pílà inú ilé ni wọ́n ń sọ. Ẹ wá wò ó." Ó sáré tú àwòrán, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìka wá òpó àárín ilé náà. Ìka rẹ̀ dé orí rẹ̀, ó sì dúró. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Bàbá," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "òpó tèmi ni?"

Bàbá gbójú kúrò lára àwòrán náà.

"Ó dáa," Ọ̀gá ní. "Ẹ̀yin lẹ mọ òpó jù nínú wa. Ṣé ó yẹ kó kúrò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" kan péré ló kù kí ilé ìwé di tirẹ̀. Kékeré ò ní bá a jiyàn níwájú àlejò, òun ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Owú náà ṣì ń hó nínú rẹ̀, kò tíì rọlẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì ń wò ó, ilé ni obìnrin náà sì fẹ́ kọ́, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n máa sùn sábẹ́ àjà náà.

"Kò lè kúrò," ó ní. "Bí ẹ bá yọ ọ́, àjà á tẹ̀."

Nọ́ọ̀sì nu ojú rẹ̀. "Ẹ ṣeun, bàbá. Ta ló wá fi í síbẹ̀?"

Láti ọdún méjìlélógún, "èmi ni" ló fi ń dáhùn ìbéèrè yẹn. Ó na ìka sí Kékeré.

"Òun ni."

Kékeré ti ń ká àwòrán rẹ̀. Kò gbójú sókè.