Àwọn Tó Kí Wa Kí Agbára Tó Dé

Ọjọ́ Àìkú tí a rí ara wa kẹ́yìn, ẹ̀wà ni ìyàwó mi ń ṣà. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó gbé atẹ lé itan, ìwé kan tí èèpo rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá ṣà díẹ̀, á dúró, á nu ọwọ́ sí ìró, á mú bírò, á kọ nǹkan. Ebi ń pa mí. Mo wò ó títí, mo ní, "Ṣé ẹ̀wà la fẹ́ jẹ ni, àbí ìwé?"

Kò gbójú sókè. "Tíṣà, ẹ wá bá mi ṣà á, kó lè tètè dé orí iná."

N kò bá a ṣà á. Mo wọlé lọ gbọ́ rédíò.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa kun àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún lóorun, ní ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ọ̀yọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló máa ń dé, ìdájí ọjọ́ Ajé ló máa ń padà. Fún bí ọdún méjì, ìwé yẹn máa ń bá a wálé, á jókòó tì wá bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí; mo gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. Bí wọ́n bá fẹ́ la ikùn ènìyàn, oorun nìkan kò tó. Wọ́n á fún un ní oògùn tí yóò dẹ gbogbo iṣan rẹ̀, kí ọ̀bẹ lè ráyè ṣiṣẹ́. Lásìkò yẹn kò lè mí fúnra rẹ̀. Ẹni tó dúró níbi orí rẹ̀ ni yóò máa fi àpò rọ́bà fẹ́ èémí sí i. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á fún un ní oògùn kejì tí yóò ká ọwọ́ oògùn àkọ́kọ́ kúrò, kí iṣan lè padà sípò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé agbára kì í padà sí gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnu lè ti padà kí ọ̀fun tó padà. Àkókò Sáàpù sì ni, nígbà tí ìjọba sọ ohun gbogbo di ọ̀wọ́n, oògùn kejì kì í tó; nígbà mìíràn, díẹ̀ ni wọ́n ń rí fún aláìsàn.

Níbòmíràn, bóyá ewu rẹ̀ kò pọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun àkọ́kọ́ tí ènìyàn máa ń ṣe bó bá lajú ni kí ó kíni. Ẹni tí kò tíì mọ̀ bóyá ayé ló wà á ti máa sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró." Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ẹni tó ń ti bẹ́ẹ̀dì á ní ó ti jí, dókítà á ní ó ti jí, àwọn ará ilé rẹ̀ á máa dúpẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin kan láti Iresa kí gbogbo wọn báyìí, ó tilẹ̀ béèrè ọmọ rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù, ìyá ọkọ rẹ̀ sì fún un ní ẹ̀kọ mu. Kò lè gbé e mì, kò sì lè wúkọ́. Ìyàwó mi ló sáré débẹ̀. Obìnrin náà yè, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyàwó mi ra ìwé.

Ohun tó ń wá kò ju kí wọ́n yí àṣà kan padà: kí ẹnikẹ́ni má kúrò ní yàrá iṣẹ́ abẹ àfi bó bá lè gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí, kí ó sì gbé e dúró títí wọn yóò fi rọra ka ení dé àrún. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́, dókítà àgbà ní, "Mà, ẹni tó kí yín ti jí. Kí lẹ tún ń fẹ́, kó jó?" Ìyàwó mi wá pinnu pé òun yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀, aláìsàn kan lẹ́yìn òmíràn, ìgbà tó kí wọn àti ìgbà tó gbé orí, títí wọn kò fi ní rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ní ọjọ́rú tó tẹ̀lé Ọjọ́ Àìkú yẹn, ó ṣubú ní ibùgbé àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Òun tó ń wọn ti gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bí mi nínú, n kò sì ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹbí rẹ̀ wá pín ẹrù rẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ọkọ kì í dá sí i. Mo jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú àwọn tó wá bá mi kẹ́dùn. Wọ́n ní kí n mọ́kàn le, kí n jẹun, kí n má ronú. Ẹnì kan ní ó sàn bí kò ṣe dùbúlẹ̀ pẹ́. Mo ń dá gbogbo wọn lóhùn. Wọ́n gbé àpótí rẹ̀ gba iwájú mi kọjá, n kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí n tó mọ̀ pé ìwé náà ti bá àpótí lọ sí Ìkòyí-Ilé, sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

Ibẹ̀ ló wà nígbà tí nọ́ọ̀sì kan tí òun àti ìyàwó mi jọ ń ṣiṣẹ́ fi lẹ́tà rán awakọ̀ sí mi. Ó ní àwọn dókítà ti gbà láti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ìpàdé ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, pé bí kò bá sí ìwé nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọn kò tún ní fetí sí i mọ́. Mo ka lẹ́tà náà, mo kanra mọ́ awakọ̀ tí kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹni tó bá ń béèrè nǹkan nínú ẹrù ìyàwó rẹ̀ tó kú, olójúkòkòrò ni wọ́n ń pè é. Yàtọ̀ sí ìyẹn, láti ìgbà tí mo ti di àna wọn, ìyàwó mi ló máa ń sọ̀rọ̀ dípò mi níbẹ̀. Èmi á dọ̀bálẹ̀, màá jókòó, màá jẹun, màá dìde. Mo jẹ́ kí ọjọ́ Ajé kọjá, mo jẹ́ kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá. Ní ọjọ́rú, mo wọ ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń din gàrí lẹ́yìnkùlé. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Àna wa, ẹ dìde. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Irọ́ ni. Ẹ wo bí ẹ ṣe rù." Ó ń ro gàrí rẹ̀ lọ. "Ṣé kò sí láburú o?"

Mo ní kò sí. Gàrí kan jinná, ó kó o sílẹ̀, ó da òmíràn síná. Ìgbà tó pẹ́, mo ní, "Ìwé kan wà nínú àpótí yẹn."

"Àpótí." Ó wò mí dáadáa. "Àwọn ọmọ ìyá wa ti jà sí àpótí yẹn. Wọ́n jà sí ìró, wọ́n jà sí bàtà tí kò bá ẹnì kankan lẹ́sẹ̀ mu. Mo ń sọ ọ́ kiri pé àna wa nìkan ló níyì. Ẹ̀yin náà wá dé."

"Ìwé ni, mà. Kì í ṣe aṣọ."

"Mo mọ̀ ọ́n. Aláwọ̀ ewé. Abẹ́ ẹní tí mò ń sùn lé ló wà."

"Ẹ ń kà á ni?" Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rántí pé kò kàwé.

"Ta ló kọ́ mi? Ọwọ́ àbúrò mi ló wà nínú ẹ̀. Mo máa ń ṣí i, mo máa ń wò ó." Ó ti gbàgbé láti máa ro gàrí. "Kí ló tiẹ̀ kọ síbẹ̀?"

Mo sọ fún un. N kò mọ̀ pé mo lè sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nílé yẹn. Mo sọ ti oògùn méjèèjì, mo sọ ti obìnrin Iresa, mo sọ ti orí àti ìrọ̀rí.

"Ìyẹn ni pé ẹni tó kí mi, ara rẹ̀ lè má tíì le?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ̀yin tí ẹ wá kí mi yìí ńkọ́?"

Ó gbé agbada kúrò lórí iná, ìsàlẹ̀ gàrí ti jóná. Ó wọlé, ó mú ìwé jáde. "Ẹ óò dá a padà. Ẹ má rán ènìyàn o, ẹ̀yin fúnra yín."

Mo sun Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́jú ọjọ́ ìpàdé. Èrò mi ni pé màá fi ìwé lé nọ́ọ̀sì yẹn lọ́wọ́, màá sì dúró níta. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà àgbà ṣí i, ó ní, "Kí ni àwọn àmì wọ̀nyí?" Nọ́ọ̀sì náà yẹ̀ ẹ́ wò, kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn yíjú sí mi lẹ́nu ọ̀nà.

Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ gbogbo rẹ̀, bí mo ti ráhùn tó. Òdo kékeré ni ìgbà tí aláìsàn kí wọn. Ìlà tó dúró ṣánṣán ni ìgbà tó gbé orí. Bírò pupa ni ti àwọn tó kíni tí wọn kò lè gbé orí rárá. Wọ́n ń ṣí ojú ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn, bírò pupa wà káàkiri. Dókítà kan tó kéré lọ́jọ́ orí ní bóyá oorun ló kàn ń kùn wọ́n. Mo ní rárá, pé ìyàwó mi máa ń ní kí wọ́n wo ọ̀tún, kí wọ́n wo òsì, wọ́n á sì wò ó. Orí ni kì í gbéra.

Dókítà àgbà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kí ló dé tí ìyàwó yín kò ṣàlàyé rẹ̀ fún wa báyìí?"

Ó yẹ kí n dákẹ́. Èyí tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn. "Ó ṣàlàyé rẹ̀," mo ní. "Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó sú wa ni."

Dókítà àgbà tún awò rẹ̀ wọ̀, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, kí wọ́n fi dán an wò, kí ẹnì kan kọ òfin náà sára ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì náà mú páálí funfun àti máákà wá, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ jẹ́ tíṣà, sà." Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn, ó ku èmi nìkan nídìí tábìlì.

Mo kọ ọ́ pé kí wọ́n má gbé aláìsàn jáde, bó tilẹ̀ ti kí wọn, títí yóò fi gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. Lẹ́tà tí mo kọ tóbi jù. Nígbà tí mo dé ibi ení dé àrún, kò sí àyè mọ́. Mo yí páálí náà sí ẹ̀yìn, mo fa ìlà sí i, mo sì tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.